Ẹ Fi Bayern Sílẹ̀, Ẹ Gba Probstheida Lọ

Ìsinmi ni Jay-Jay Okocha lọ lò ní Jámánì lọ́dún 1990. Orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ni, ọmọkùnrin náà sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Binebi Numa, wà ní Borussia Neunkirchen, ẹgbẹ́ ìpele kẹta kan ní Saarland. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Okocha tẹ̀lé e lọ síbi ìgbaradì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà bá wọn gbá díẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti gba Saarbrücken kọjá sí Eintracht Frankfurt.

Ẹ̀bùn Okocha ni gbogbo ayé máa ń sọ nínú ìtàn yìí. Èmi a máa wo ilẹ̀kùn tó gbà wọlé. Àlejò tó wá lo ìsinmi rìn wọ ibi ìgbaradì, ó ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbà fún un. Ẹ lọ dán irú ẹ̀ wò ní Bayern Munich lónìí, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ sìkiọ́rítì. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀kùn kékeré bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ káàkiri Jámánì, kò sì dìgbà tí èèyàn bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kó tó wọlé.

Àwọn èèyàn wa tó ń lọ síbẹ̀ fún ìsinmi, ìbáà jẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Èkó, Bayern tàbí Dortmund ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Kò burú. Àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó ọdọọdún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń tún un tà ní ìlọ́po iye rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí i rà, òkè téńté ló máa jókòó sí, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa rí bí èèrà lójú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ìpele kẹrin. Níbẹ̀, ariwo àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ṣì pọ̀ tó láti mú ara yá gágá, owó ìwọlé kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan lọ, ẹ ó sì sún mọ́ ìlà pápá débi pé ẹ ó gbọ́ èébú tí aṣọ́lé ń bú àwọn olùgbèjà rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe wàhálà níbẹ̀. Wàhálà wà níbi yíyan eré. Ẹni tó bá kàn dé ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá pápá kiri lè bá géètì ní títì pa.

Bí àkàbà náà ṣe tò

Bundesliga ní ẹgbẹ́ 18, 2. Bundesliga náà ní 18, 3. Liga tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 sì ní 20. Lábẹ́ wọn ni Regionalliga wà, òun ni ìpele kẹrin, wọ́n sì pín in sí márùn-ún: Nord, Nordost, West, Südwest àti Bayern. Oberliga ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ á máa yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ títí dé Kreisliga àti Kreisklasse, níbi tí káfíńtà àti olùkọ́ ilé ìwé ti jọ ń gbá a lọ́jọ́ Àìkú.

3. Liga kò burú rárá. Rot-Weiss Essen tó gba ipò kìíní ní gbogbo Jámánì lọ́dún 1955 àti 1860 München tó gbà á lọ́dún 1966 ti lo saa mélòó kan níbẹ̀, èrò wọn sì pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ míì tó wà lókè wọn lọ. Ìyẹn gan-an ló fà á tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn fi máa ń tètè tán. Grünwalder Stadion tí 1860 ń lò kò gbà ju nǹkan bí 15,000 èèyàn lọ, àwọn tó sì fẹ́ wọbẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí nínú ìwé eré Regionalliga: àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ "II" tàbí "U23" sẹ́yìn orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ kejì àwọn ilé ńlá ni wọ́n. Bọ́ọ̀lù wọn dáa, àwọn ọmọ tó ṣì máa di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká sì lè wà nínú wọn, àmọ́ èrò kì í tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ onílé, ẹ lè gbọ́ ìró bàtà yín lórí kọnkéré. Bí wọ́n bá jẹ́ àlejò, apá àwọn àlejò á ṣófo. Ẹni tó bá ń wá ariwo, eré tí kò sí "II" nínú rẹ̀ ni kó yàn.

Kí ẹ sì tún mọ ohun tó ń dá ìbínú sílẹ̀ ní ìpele yìí. Márùn-ún ni Regionalliga, mẹ́rin ni àyè ìgbéga sí 3. Liga. West àti Südwest ní àyè tiwọn tó dájú. Nord, Nordost àti Bayern ń fi ọ̀kan yí láàárín ara wọn, àwọn méjì tó bá kù á wá kojú ara wọn nílé-lóko. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan fi lè gba ipò kìíní, kó sì tún ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí Lokomotive Leipzig lọ́dún 2020 lọ́wọ́ Verl, ó tún ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún 2025 lọ́wọ́ Havelse. Bí ẹ bá rí aṣọ gbàgàdà tí wọ́n kọ "Meister müssen aufsteigen" sí lára, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí gbogbo ẹni tó bá gba ipò kìíní gòkè. Èmi náà rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ìwé eré saa jáde, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Bóyá alẹ́ Ẹtì ni o, bóyá ọ̀sán Sátidé ni o, bóyá Àìkú ni, ó di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ eré tó pé kí wọ́n tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ibí yìí ni arìnrìn-àjò ti máa ń ṣìnà. Ó rí "Sátidé" lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kan ṣáájú, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní Sparpreis, èyí tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n wá gbé eré lọ sí agogo 7 alẹ́ Ẹtì. Ẹ gba yàrá láti Ẹtì títí di Àìkú, kí ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ títí tí aago eré á fi dájú.

Ojúewé fussball.de, ti àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì, ni gbogbo eré wà, láti òkè dé Kreisklasse. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ síbẹ̀, wọ́n á to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ má fi mọ sórí aago nìkan o, ẹ wo orúkọ pápá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ló ní pápá méjì tàbí mẹ́ta: ti koríko gidi, Rasenplatz, ti koríko àtọwọ́dá, Kunstrasenplatz, àti Hartplatz, ilẹ̀ pupa líle tó ṣì kù ní agbègbè Ruhr. Bí òjò bá ti pọ̀, wọ́n á gbé eré lọ sórí koríko àtọwọ́dá, ìyẹn sì lè wà lẹ́yìn ilé ìwé kan ní ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí pápá gangan.

Oṣù tó dára jù ni Ògọ́ọ̀sì sí Òkítóbà, àti ìparí Máàṣì sí Méè. Láti àárín Dìsẹ́ńbà, ìsinmi òtútù ni. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ kì í tètè padà, àwọn míì ń wọ Fẹ́búárì, àwọn míì ń wọ Máàṣì. Fẹ́búárì ni mo máa ń kìlọ̀ fún èèyàn jù lọ. Wọ́n ti kọ eré sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lè dì gbagidi lóru, ìjọba ìlú tó ni pápá á sì tì í. Bí ẹ bá ri "abgesagt" lójú ewé ẹgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. "Verlegt" ń tọ́ka sí i pé wọ́n gbé e sí ìgbà mìíràn. Nítorí náà, ìlú tó ní ẹgbẹ́ púpọ̀ ló dára: Berlin, Hamburg, Leipzig, tàbí Ruhr tí ìlú ti fara kan ìlú. Bí ọ̀kan bá fọ́, èkejì á wà.

Òpin Méè ní nǹkan tirẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2016, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣekágbá ife ìpínlẹ̀, ẹni tó bá sì gba ife náà á kojú àwọn ńlá nínú ife gbogbo Jámánì, DFB-Pokal. Ní Ògọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ kékeré ló máa ń gbàlejò ẹgbẹ́ Bundesliga nínú ìpele àkọ́kọ́ ife náà. Ìgbà yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì pápá kékeré máa ń di ọ̀wọ́n.

Leipzig, ìlú ẹlẹ́gbẹ́ méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ìlú kan, Leipzig ni màá mú. RB Leipzig tó wà nínú Bundesliga kọ́ ni mò ń wí. Ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ìlú, ní Probstheida, níbi tí èèyàn ti ń rí òkúta ìrántí ogun 1813, ni Lokomotive, tí wọ́n ń pè ní Lok, wà. Ọdún 1922 ni wọ́n ṣí Bruno-Plache-Stadion, pákó ni wọ́n sì fi kọ́ ibi ìjókòó abẹ́ òrùlé. Bí èrò bá fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ẹsẹ̀ tiyín kí ẹ tó gbọ́ ọ létí. Àwọn tó kù ń dúró lórí ebè ilẹ̀ tí wọ́n gé ní àtẹ̀gùn yí pápá ká.

Ẹgbẹ́ tí Lok ti ṣẹ̀ wá, VfB Leipzig, ló kọ́kọ́ gba ipò kìíní ní gbogbo Jámánì, lọ́dún 1903. Lok fúnra rẹ̀ dé àṣekágbá ife àwọn agbafe ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 1987, Ajax ló fi ayò kan sí òdo nà án ní Athens. Lẹ́yìn náà ni gbèsè wọlé. Nígbà tí wọ́n tún ẹgbẹ́ náà gbé dìde, ìpele kọkànlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, síbẹ̀ èrò tó ju 12,000 lọ wá wo ọ̀kan nínú eré wọn lọ́dún yẹn. Ìpele kọkànlá o! Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀, kó ronú sí ìyẹn.

Ní apá kejì ìlú, ní Leutzsch, ni BSG Chemie wà. Lọ́dún 1963, àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ìlà-oòrùn Jámánì kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n kà sí ọ̀jáfáfá jọ sí ẹgbẹ́ kan, SC Leipzig, tó wá di Lok nígbà tó yá. Àwọn tí wọ́n rò pé kò tó nǹkan ni wọ́n jù sí Chemie. "Ìyókù Leipzig" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyókù yìí ló gba ife líìgì gbogbo ìlà-oòrùn Jámánì lọ́dún 1964, lábẹ́ Alfred Kunze tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ S-Bahn (ọkọ̀ ojú irin inú ìlú) Leutzsch, ẹ tẹ̀ lé àwọn tó wọ àwọ̀ ewé àti funfun. Igi yí pápá ká, orí ebè àríwá tí wọ́n ń pè ní Norddamm sì ni orin ti ń wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi eré Lok pẹ̀lú Chemie ṣe àkọ́kọ́ yín. Ìkórìíra tó wà láàárín wọn kì í ṣe eré: ọlọ́pàá á di ojú ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì á le, ẹ ó sì fi wákàtí méjì dúró níbi tí ẹ kò mọ̀. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ míì, kí ẹ gbádùn ara yín.

Owó, ọkọ̀ àti géètì

Ní Regionalliga, ìdúró máa ń jẹ́ nǹkan bíi 10 sí 15 Yúrò. Oberliga á dín díẹ̀, Kreisliga á jẹ́ 3 sí 5 Yúrò lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó gbé àpótí owó sórí tábìlì. Stehplatz ni ìdúró, Sitzplatz ni ìjókòó. Akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó àti aláàbọ̀ ara ń san iye tó kéré, "ermäßigt" ni wọ́n ń kọ sí i, wọ́n sì máa bèèrè káàdì. "Einmal Stehplatz, bitte" ti tó láti fi rà á. Kí ẹ kó owó bébà 5 àti 10 dání pẹ̀lú ṣílè, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ni káàdì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe Gästeblock, apá àwọn àlejò, ni wọ́n tà fún yín. Géètì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹ kò sì ní lè gba inú rẹ̀ bọ́ sí apá onílé.

Bí wọ́n bá kọ "Sicherheitsspiel" sára eré kan, ọlọ́pàá ti fura sí i nìyẹn. Wọ́n lè má ta tíkẹ́ẹ̀tì ní géètì lọ́jọ́ náà, wọ́n lè kọ orúkọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, bíà tí kò ní ọtí nìkan ni wọ́n sì lè tà. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà má gbàgbé pé ìwé ìgbélùú UK kò gbé e wọ Jámánì. Físà Schengen tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ní ti ọkọ̀, Deutschlandticket di 63 Yúrò lóṣù ní oṣù kìíní 2026. Ó ń gbé èèyàn nínú gbogbo bọ́ọ̀sì, táràmù, S-Bahn àti ọkọ̀ ojú irin agbègbè káàkiri orílẹ̀-èdè, àmọ́ kò bo ICE àti IC, àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ìsanwó oṣooṣù ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á sì fẹ́ kí ẹ fagi lé e kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù náà. Ẹni tó bá gbàgbé á tún san ti oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́ rìn ní ọjọ́ kan péré, tíkẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ sàn jù. Sachsen-Ticket, fún àpẹẹrẹ, gba èèyàn márùn-ún, ó dé Sachsen-Anhalt àti Thüringen pẹ̀lú, kò sì ní aago ìbẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó di agogo 9 àárọ̀. Ẹ lè fi í kúrò ní Leipzig lọ wo Carl Zeiss Jena, kí ẹ sì padà lálẹ́.

Ẹ jáde pẹ̀lú àyè wákàtí kan ju ohun tí ẹ rò lọ. Ọkọ̀ ojú irin Jámánì kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń sọ nínú àwàdà pé kì í pẹ́ mọ́. Ó ń pẹ́, nígbà míì kì í wá rárá. Lọ́jọ́ Àìkú, ilé ìtajà á wà ní títì, kí ẹ ra omi sílẹ̀ láti Sátidé. Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá ti ju bébà A4 lọ, wọ́n lè dá a padà ní géètì. Ìgò, agboòrùn gígùn àti kámẹ́rà olójú gígùn kì í wọlé. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní fìlà, torí orí ìdúró kì í sábà ní òrùlé. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì bó bá ti di Nọ̀fẹ́ńbà. Kọnkéré ló ń fi òtútù pa èèyàn.

Oúnjẹ ibẹ̀ ni Bratwurst, sọ́séèjì tí wọ́n sun lórí èédú, tí wọ́n fi sínú búrẹ́dì kékeré tí kò lè bò ó tán. Músítáàdì ni wọ́n ń fi sí i. Ní Jena, bí ẹ bá bèèrè ketchup sórí Rostbratwurst, wọ́n á fún yín, àmọ́ wọ́n á wò yín. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí fiyè sí i. Ẹ bèèrè Rindswurst, ti màlúù, èyí tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Frankfurt àti Offenbach. Ní àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ará Tọ́kì dá sílẹ̀, ẹ lè rí sucuk, sọ́séèjì àwọn ará Tọ́kì. Ọ̀dùnkún díńdín wà níbi gbogbo, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ohun mìíràn ti wọ inú òróró yẹn.

Ife bíà yẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára ògiri lè jẹ́ 5 Yúrò, kí wọ́n sì gba 7 lọ́wọ́ yín. Wọn ò rẹ́ yín jẹ: 2 Yúrò tó lé ni Pfand, owó ìdógò lórí ife, tí ẹ ó gbà padà bí ẹ bá dá a padà. Àwọn ibì kan ń fún èèyàn ní owó ike kékeré pẹ̀lú ife náà, àfi kí ẹ kó méjèèjì wá. Òṣìṣẹ́ ìsọ̀ á ti palẹ̀ mọ́ ní bí ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn jù.

Nínú pápá

Ẹ lọ dúró sẹ́yìn ibi tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹ̀gbẹ́ níbi tí rélìn kan ṣoṣo ti ya yín sọ́tọ̀ sí eré. Àwọn Ultras, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó gbóná jù, ni ìlù àti àsíá wà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ilé gọ́ọ̀lù. Ẹnì kan tó kẹ̀yìn sí pápá, tó mú gbohùngbohùn lọ́wọ́, ló ń darí wọn, kò sì ń rí eré kankan. Ẹ má yọ fóònù sí wọn. Wọn kò fẹ́ kí fọ́tò ojú wọn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ̀tá, ẹni tó bá sì ya fídíò láàárín wọn lè pàdánù fóònù rẹ̀. Ẹ má wọ àwọ̀ ẹgbẹ́ tó wá ṣe àlejò. Bí ẹ kò bá mọ àwọ̀ wo ni, ẹ wọ dúdú.

Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, olùkéde á pe orúkọ àkọ́kọ́, èrò á fi igbe parí orúkọ ìdílé. Bí onílé bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, olùkéde á bèèrè iye ayò, wọ́n á dáhùn. Á bèèrè ti àlejò, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ "null!", òdo, ni wọ́n máa pariwo, ì báà jẹ́ pé àlejò ti jẹ méjì. Á ní "Danke!", wọ́n á ní "Bitte!" Ẹ bá wọn dáhùn, ó dùn púpọ̀.

Kò sí VAR, rẹfirí orí fídíò, níbẹ̀. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè, ó parí. Ní Regionalliga, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní Kreisliga, òun nìkan ló sábà máa ń wà, kò sì sí bó ṣe lè mọ gbogbo ọfúsáìdì. Ayọ̀ gọ́ọ̀lù ibẹ̀ pé pérépéré nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í dúró de ẹ̀rọ. Mo gbà pé àṣìṣe pọ̀. Mo ṣì fara mọ́ ọn ju kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́rin wo ẹni tó ń fọwọ́ kan etí.

Ọ̀rọ̀ awọ ara ń kọ́? Ẹni tó bá ní kò sí, irọ́ ló pa. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, Adebowale Ogungbure, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún FC Sachsen Leipzig, parí eré ní Halle nínú ìpele kẹrin, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ onílé sì tutọ́ sí i lára, wọ́n ń ké bí ọ̀bọ. Ó fi ìka méjì sórí ètè bí irun ètè Hitler, ó na ọwọ́ kejì síwájú, kó lè fi hàn wọ́n irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Òun ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ṣí ìwádìí lé lórí, nítorí òfin Jámánì ka àmì Nasi léèwọ̀, kí wọ́n tó wọ́gi lé e kíákíá. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé "Wir sind Ade", àwa ni Ade, jáde láti gbè é lẹ́yìn. Ní Dìsẹ́ńbà 2021, nígbà tí wọ́n bú Aaron Opoku ti Osnabrück ní Duisburg, rẹfirí dá eré 3. Liga náà dúró, wọn kò sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ tó le mú.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ gba Sitzplatz lórí Haupttribüne, ibi ìjókòó ńlá, tàbí apá àwọn ìdílé ní àkọ́kọ́, kí ẹ yẹra fún ọkọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ àlejò kún inú rẹ̀, kí ẹ sì pe Ordner, òṣìṣẹ́ aláṣọ àwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò, bí ẹnikẹ́ni bá fẹnu gbá yín. 110 ni nọ́ńbà ọlọ́pàá. Àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tí olólùfẹ́ wọn ti sọ ìgbógunti ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ara orúkọ wọn: Babelsberg 03 ní Potsdam, Tennis Borussia ní Berlin, Altona 93 ní Hamburg. Ọkàn àlejò máa ń balẹ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ Yorùbá pàápàá kò ṣàjèjì ní ìpele yìí: Leon Balogun, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n bí sí Berlin lọ́dún 1988, gbá bọ́ọ̀lù ní Türkiyemspor Berlin kó tó dé Hannover, kó sì tó di Super Eagles.

Lẹ́yìn eré, ẹ má sáré. Àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń wá síbi rélìn láti bọ èrò lọ́wọ́, ìdajì wákàtí ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì fi máa kún. Ẹ wọ Vereinsheim, ilé ẹgbẹ́ náà, ẹ mu kọfí, ẹ jẹ kéèkì tí àwọn ìyá ilé bá yan. Bí ó bá jẹ́ Hamburg lẹ wà, tí eré yín sì jẹ́ ti Sátidé, ẹ wo fussball.de kí ẹ tó sùn: agogo 10:45 àárọ̀ Àìkú ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ibẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà pípẹ́. Ẹ lè wo ọ̀kan láàárọ̀, kí ẹ wọ S-Bahn lọ sí Bahrenfeld, kí ẹ sì bá ti Altona 93 ní Adolf-Jäger-Kampfbahn lọ́sàn-án, bí wọ́n bá jẹ́ onílé. Wọ́n ti ta ilẹ̀ pápá náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ de ìsinmi ọdún márùn-ún sí i.